Ọwọ́ tí ayàwòrán ilé yà sórí ìwé: Ọgbọ̀n ọdún ló fi dúró kó tó di irin ní Chandigarh

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè. Ohun tí wọ́n ń fi òwe yìí sọ ni pé kò sí ọwọ́ tó dá tó gbogbo iṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan wà ní ìlú Chandigarh, lápá àríwá orílẹ̀-èdè Íńdíà, tí kì í gbé nǹkan, tí kì í sì í di ẹ̀ṣẹ́. Irin ni wọ́n fi ṣe é. Gíga òun àti òpó tó dúró lé jẹ́ mítà 26, bí ìgbà tí èèyàn bá to ilé alájà mẹ́jọ. Ìwọ̀n rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 50. Síbẹ̀, bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, ṣe ló ń yí, bí ẹyẹ tó ń wá ibi tí yóò bà sí.

Kí irin yìí tó dìde lọ́dún 1985, inú ìwé ló wà. Àwòrán lásán ni, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Paris lọ́dún 1955, nínú ìwé ńlá kan tó jẹ́ pé ẹ̀dà 250 péré ni wọ́n fi nọ́ńbà sí. Ẹni tó yà á kì í ṣe ẹni tí ayé mọ̀ mọ́ àwòrán ara ògiri. Ayàwòrán ilé ni. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni àwòrán náà fi dúró kó tó di irin. Nígbà tí wọ́n sì fi gbé e nàró, ẹni tó yà á ti wà ní sàréè fún ogún ọdún.

Le Corbusier ni gbogbo ayé mọ ọkùnrin náà sí. Bí wọ́n bá ń dárúkọ àwọn tó yí bí wọ́n ṣe ń kọ́lé láyé òde òní padà, orúkọ tirẹ̀ kì í gbẹ́yìn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé tọkọtaya tó dárúkọ rẹ̀ fún àwọn ará Íńdíà, àwọn gan-an ló ń ya àwòrán àwọn ilé Yunifásítì Ìbàdàn lásìkò náà.

Àárọ̀ fún ọ̀dà, ọ̀sán fún ilé

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá, ọdún 1887 ni wọ́n bí i ní La Chaux-de-Fonds, ìlú kan ní orílẹ̀-èdè Siwitsáláńdì, tí kò jìnnà sí ààlà ilẹ̀ Faransé. Charles-Edouard Jeanneret ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Iṣẹ́ aago ni ìlú náà gbójú lé. Bàbá rẹ̀ ń kun ojú aago, ìyá rẹ̀ sì ń kọ́ àwọn èèyàn ní dùùrù títẹ̀. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń fín ọnà sí ẹ̀yìn aago ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tó wà ní ìlú wọn, kó tó di pé olùkọ́ rẹ̀ kan tì í sí ìdí ilé yíyà. Ọdún 1917 ló kó lọ sí Paris. Ní 1920 ló bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ Le Corbusier, ọdún 1930 ló sì di ọmọ ilẹ̀ Faransé.

Bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tó, ó ní ètò kan tí kì í yẹ̀. Tó bá ti jí láàárọ̀, ilé ló máa wà, tí yóò máa kun àwòrán. Ìgbà tí ọ̀sán bá pọ́n ló tó ń lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní òpópónà Rue de Sèvres, níbi tí àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ti ń dúró dè é pẹ̀lú pépà ilé yíyà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lójú àwọn kan, àwòrán àárọ̀ yìí kò ju eré ọwọ́-dilẹ̀ lọ. Lójú tirẹ̀, òun gan-an ni gbòǹgbò. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí àwọn ilé òun ti ń wá, kó lọ wo àwòrán òun.

Nígbà tí ogun àgbáyé kejì bẹ́ sílẹ̀, tí iṣẹ́ ilé kíkọ́ dákẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀dà àti pẹ́ńsù ló kù fún un. Lẹ́yìn ogun, láàárín ọdún 1947 sí 1953, ó jókòó ti iṣẹ́ kan tó kó gbogbo èrò ọkàn rẹ̀ jọ. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ó sì ya àwòrán sí i. Orúkọ tó fún ìwé náà ní èdè Faransé ni Le Poème de l'angle droit. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ewì igun gígún.

Bíríkìlà àti káfíńtà kò ní béèrè irú igun tó ń wí. Igun tí wọ́n ń fi sìkúwéà wọ̀n ni, èyí tó jẹ́ pé bí kò bá pé, ògiri yóò wọ́, ilẹ̀kùn kò sì ní pa dé. Ṣùgbọ́n Le Corbusier rí ohun mìíràn nínú rẹ̀. Èèyàn tó dúró ṣánṣán, ìlà kan nìyẹn. Ojú òkun tó tẹ́ lọ títí, ìlà kejì nìyẹn. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni igun náà. Lójú rẹ̀, àdéhùn tó wà láàárín èèyàn àti ayé tó dúró lé lórí ni.

Òkúta, ọ̀rá àti omi

Tériade ló gbé ìwé náà jáde. Ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì ni, tó ń ṣe iṣẹ́ ìwé ní Paris. Ilé iṣẹ́ Fernand Mourlot ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ náà ni Picasso àti Matisse máa ń gbé iṣẹ́ tiwọn lọ. Bí wọ́n ṣe ń tẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tó ohun tí èèyàn ń jókòó gbọ́, nítorí òkúta ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, kò ní pẹ́ lóye ọ̀rọ̀ náà. Ìyá alàdìrẹ yóò fi ìyẹ́ adìyẹ tọ ẹ̀kọ láàfún sára aṣọ funfun. Bó bá ri aṣọ náà sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ wà kò ní gba aró. Ibi tí kò sí ẹ̀kọ ni aró yóò mú. Ohun méjì tí kò jọ rẹ́ ló ń bí àwòrán.

Báyìí náà ni ti òkúta, àmọ́ ọ̀rá àti omi ni àwọn tirẹ̀. Ayàwòrán á fi ohun tó lọ́ràá ya àwòrán sórí òkúta ẹfun tí wọ́n ti ha dán. Wọn á wá da omi sójú òkúta náà. Ibi tó lọ́ràá á kọ omi, ibi tí kò lọ́ràá á gba omi. Bí wọ́n bá wá yí íńkì lé e lórí, íńkì náà á sá fún omi, á sì lẹ̀ mọ́ ibi tó lọ́ràá. Wọn á gbé pépà lé e, wọn á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, àwòrán á bọ́ sórí pépà. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìtẹ̀ tirẹ̀. Bí àwòrán kan bá ní àwọ̀ mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni pépà á gba abẹ́ ẹ̀rọ kọjá. Bó bá yẹ̀ díẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Alois Senefelder, ló hú ọgbọ́n yìí jáde ní nǹkan bí ọdún 1798. Eré orí ìtàgé ló ń kọ, owó tí yóò fi tẹ ìwé eré rẹ̀ ni kò ní. Àìlówó ló sọ ọ́ di ẹni tó ń wá ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà ọ̀hún ló sì di ohun tí gbogbo ayé ń lò.

Èrè ibẹ̀ ni pé àwòrán kan ṣoṣo á di púpọ̀. Àwòrán tí èèyàn fi ọ̀dà kùn, ilé ẹnì kan ṣoṣo ló lè wà. Èyí tí wọ́n tẹ̀, ó lè wà ní Paris, kó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kó sì tún wà ní Íńdíà lọ́jọ́ kan náà.

Ọwọ́ tí kò ní èékánná

Àwòrán aláwọ̀ ńláńlá 19 ló wà nínú ìwé náà. Le Corbusier tò wọ́n sí ìlà méje láti òkè dé ìsàlẹ̀. Márùn-ún ló wà ní ìlà àkọ́kọ́, mẹ́ta ní ìkejì, márùn-ún ní ìkẹta, ọ̀kan ní ìkẹrin, mẹ́ta ní ìkarùn-ún. Nígbà tó dé ìlà kẹfà, ó fi àwòrán kan ṣoṣo síbẹ̀, kò fi ẹnì kejì tì í. Ọwọ́ tó là sílẹ̀ ni.

Kì í ṣe ọwọ́ bí ọwọ́ inú fọ́tò o. Kò ní èékánná, kò ní ilà àtẹ́lẹwọ́, kò sì ní iṣan. Ìka àárín kóra jọ, àtàǹpàkò yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọmọńdinrín yà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí èèyàn bá wò ó lẹ́ẹ̀kan, á ní ọwọ́ ni. Bó bá tún un wò, á ní ẹyẹ tó na ìyẹ́ ni.

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kì í fẹ́ràn irú àwòrán báyìí. Wọ́n á ní kò jọ nǹkan kan, wọ́n á ní ọmọdé náà lè yà á. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ wo àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn dùn. Àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí láàárín wọn. Ìyá tó kọ́kọ́ tọ ọ́ kò ya bíríkì, kò ya ògiri, kò ya òrùlé. Ìlà òpó nìkan ló mú, àwọn tó mọ Mápó sì mọ̀ pé Mápó ni. Ẹ tún wo àrokò. Bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹnì kejì rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ yóò rí owó ẹyọ. Ẹni tó mọ̀ yóò gbọ́ pé ọkàn ẹni náà fà sí òun. Bí wọ́n bá fi mẹ́jọ dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ ti jọ nìyẹn.

Àrokò ni ọwọ́ Le Corbusier. Ohun tó fi ń ránṣẹ́ kò le: ọwọ́ tó là sílẹ̀ lè gba ohun tí wọ́n bá fún un, òun kan náà ló sì lè fún ẹlòmíràn. Ọwọ́ tó bá di ẹ̀ṣẹ́ kò lè ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ ilé wé iṣẹ́ àwòrán yìí, ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Pépà ilé gbọ́dọ̀ sọ ìwọ̀n, kí bíríkìlà lè mọ iye bíríkì. Àwòrán tí wọ́n tẹ̀ ní Paris kò sọ ìwọ̀n kankan. Kò sọ bóyá kí wọ́n fi irin ṣe é tàbí igi, kò sì sọ ibi tó máa dúró sí. Síbẹ̀, ẹni tó yà á ti mọ ibi tó fẹ́ kó wà.

Ìlú tí ìpínyà bí

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1947, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kúrò ní Íńdíà, wọ́n pín ilẹ̀ náà sí méjì: Íńdíà àti Pàkísítáànì. Agbègbè Punjab ni ọ̀bẹ ìpínyà náà là láàárín. Àwọn Hindu àti Sikh ń sá bọ̀ níhìn-ín, àwọn Mùsùlùmí ń sá lọ lọ́hùn-ún. Èèyàn tó fi ilé àti oko sílẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Àwọn tí wọ́n pa lójú ọ̀nà kò ṣeé kà tán. Ìlú Lahore, tó jẹ́ olú ìlú Punjab láti ayébáyé, bọ́ sí ọwọ́ Pàkísítáànì. Punjab ti Íńdíà kò wá ní olú ìlú mọ́. Ẹni tó bá mọ ìtàn bí Ọ̀yọ́ Ilé ṣe tú, tí Aláàfin Àtìbà fi ní láti tẹ Ọ̀yọ́ mìíràn dó, á mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí lára.

Jawaharlal Nehru, olórí ìjọba Íńdíà nígbà náà, ní kí wọ́n kọ́ ìlú tuntun. Ibi tí wọ́n mú wà ní ẹsẹ̀ òkè Himalaya, nítòsí tẹ́ńpìlì òrìṣà Chandi, èyí tí ìlú náà fi gba orúkọ. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Albert Mayer, àti ọmọ Poland kan, Matthew Nowicki, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà fún. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 1950, bàálù tí Nowicki wọ̀ já, ó sì kú. Iṣẹ́ di ọ̀rọ̀.

Ní ìparí ọdún náà, àwọn aláṣẹ Punjab méjì, P. N. Thapar àti P. L. Varma, mú ọ̀nà Yúróòpù pọ̀n láti wá ayàwòrán ilé mìíràn. Nígbà tí wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀dọ̀ Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀, Jane Drew, ni wọ́n lọ.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan Ìbàdàn. Láti ìgbà ogun àgbáyé kejì ni tọkọtaya yìí ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí ètò ìlú. Nígbà tí wọ́n dá University College sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1948, àwọn ni wọ́n gbé iṣẹ́ ilé rẹ̀ fún. Ilé ìkàwé tó ń jẹ́ Kenneth Dike lónìí, gbọ̀ngàn Trenchard àti ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹ́ Mellanby Hall, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Ẹni tó bá ti kọjá níwájú ilé ìkàwé náà á ti rí i bí wọ́n ṣe dá ihò sára ògiri rẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, kí atẹ́gùn lè wọlé, kí oòrùn má sì jó ìwé. Ọgbọ́n ilẹ̀ olóoru ni, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì ti kọ́ ọ.

Iṣẹ́ ti pọ̀ ju ohun tí Fry àti Drew nìkan lè dá gbé lọ. Wọ́n ní àwọn á lọ sí Íńdíà, àmọ́ wọ́n dárúkọ Le Corbusier pé kí wọ́n lọ pè é. Nínú oṣù kejì ọdún 1951, òun, Pierre Jeanneret tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, Fry àti Drew ti wà lórí ilẹ̀ náà. Àwọn mẹ́ta yòókù gbájú mọ́ ilé gbígbé, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn. Le Corbusier ní tirẹ̀ mú ibi tí ìjọba máa jókòó sí: ilé ẹjọ́ gíga, ilé aṣòfin àti ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Láàárín àwọn ilé wọ̀nyẹn, ó fi àyè kan sílẹ̀. Àyè ọwọ́ nìyẹn.

Ó fẹ́ kí kòtò ńlá kan wà nísàlẹ̀ ọwọ́ náà, kí wọ́n mọ àtẹ̀gùn àti ìjókòó sínú rẹ̀, kí àwọn ará ìlú lè máa pàdé níbẹ̀ láti jíròrò lórí ọ̀rọ̀ tó bá kan gbogbo wọn. Bí abẹ́ igi odán ṣe rí fún àwọn àgbà abúlé, bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ kó rí. Lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìpínyà, ọwọ́ tí kò di ẹ̀ṣẹ́ ni yóò máa wo gbogbo èèyàn láti òkè.

Wọ́n gbọ́, àmọ́ wọn kò kọ́ ọ

Ilé ẹjọ́ gíga dìde. Ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà dìde. Ilé aṣòfin tẹ̀ lé wọn. Ọwọ́ kò dìde. Le Corbusier kọ̀wé sí Nehru lórí rẹ̀, Nehru sì mọ̀ nípa rẹ̀ dáadáa, àmọ́ àwọn tí ìlú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ sí méjì, tí wọ́n ní àwọn asáàlà láti bọ́ àti láti fún nílé, kò rí owó tí wọ́n máa ná sórí àwòrán. Ta ló fẹ́ bá wọn wí? Oúnjẹ ni ẹni tí ebi ń pa máa kọ́kọ́ béèrè.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí wọ́n fi pamọ́. Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ Chandigarh sí, oko olóko ni. Àwọn abúlé ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Le Corbusier, ìjọba ló sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Títí dòní, àwọn abúlé bíi Burail àti Attawa ṣì wà láàárín ìlú ńlá náà, tí títì gbọnrangandan yí wọn ká. Nítorí náà, ìlú tó fẹ́ fi ọwọ́ tó ń fúnni ṣe àmì, ó ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ gba nǹkan. Ẹni tí wọ́n bá gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kò ní gbàgbé ìyẹn kíákíá.

Nehru kú nínú oṣù karùn-ún ọdún 1964. Nínú oṣù keje ọdún 1965, Le Corbusier jókòó, ó kọ ìwé kékeré kan láti fi bójú wẹ̀yìn wo ìgbésí ayé rẹ̀. Ẹni ọdún 77 ni. Ó ti kọ́lé káàkiri ayé, àmọ́ ọwọ́ tí wọn kò tíì kọ́ yìí ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Ó dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ, ọdún náà, ó lọ wẹ̀ lódò òkun ní Roquebrune-Cap-Martin, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Inú omi náà ló kú sí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n pín Punjab ti Íńdíà náà sí méjì. Ìpínlẹ̀ Haryana jáde lára rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, oṣù kọkànlá, ọdún 1966. Ìpínlẹ̀ méjèèjì ní àwọn ló ni Chandigarh. Ìjọba àpapọ̀ bá sọ ọ́ di olú ìlú fún àwọn méjèèjì, wọ́n sì fi ìlú náà sábẹ́ ìṣàkóso ara wọn. Ìlú tí ìpínyà bí ti rí ìpínyà kejì. Pierre Jeanneret kú lọ́dún 1967. Nítorí ìfẹ́ tó ní sí Chandigarh, ó ní kí wọ́n da eérú òun sínú adágún odò Sukhna tó wà níbẹ̀.

Ìgbà tí ọwọ́ dìde

Pẹ̀lú gbogbo èyí, àwòrán náà kò kú. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ kì í tètè kú, nítorí bí ẹ̀dà kan bá sọnù, òmíràn á wà níbìkan. Àwọn ọmọ Íńdíà tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Le Corbusier kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Nígbà tó yá, wọ́n gbé iṣẹ́ irin rẹ̀ lọ sí Nangal, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìsédò ńlá Bhakra wà. Àwọn tó ń fi irin ṣiṣẹ́ ìsédò ló fi ọwọ́ ara wọn lu irin náà títí tó fi jọ ohun tó wà lórí pépà.

Ọdún 1985 ni wọ́n gbé e nàró. Nínú àwọn mẹ́rin tó kọ́kọ́ dé orí ilẹ̀ náà ní 1951, Fry àti Drew nìkan ló ṣì wà láyé. Fry kú lọ́dún 1987, Drew kú lọ́dún 1996.

Ṣùgbọ́n àkókò tí ọwọ́ àlàáfíà náà yọ sí kì í ṣe àkókò àlàáfíà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1984 ni wọ́n pa Indira Gandhi, ọmọ Nehru, tó jẹ́ olórí ìjọba. Rògbòdìyàn gba Punjab kan. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1995, bọ́ǹbù pa Beant Singh, olórí ìjọba ìpínlẹ̀ Punjab, níwájú ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí Le Corbusier yà. Àwọn agbófinró yí gbogbo àdúgbò náà ká. Ibi tí wọ́n ní kí ará ìlú máa wá jókòó sọ̀rọ̀ wá di ibi tí ará ìlú kò lè wọ̀ bó ṣe wù ú.

Lóṣù keje ọdún 2016, àjọ UNESCO kọ orúkọ àwọn ilé ìjọba Chandigarh sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé, pẹ̀lú àwọn iṣẹ́ Le Corbusier mìíràn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 17, ní orílẹ̀-èdè méje. Àwọn àlejò wá ń lọ wò ó lábẹ́ ìtọ́sọ́nà. Ọwọ́ náà sì ni àmì ìjọba Chandigarh. Òun ló wà lórí ìwé ìjọba, òun ló wà lórí pátákó. Ohun tí ìjọba kò rí owó kọ́ nígbà kan ti di ohun tí ìjọba fi ń dá ara rẹ̀ mọ̀.

Ohun tó kù nílẹ̀

Ẹ̀kọ́ wo ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Àwọn kan á sọ pé ọkùnrin náà ìbá ti gbájú mọ́ ilé tó mọ̀ ọ́n yà, kó yé fi àárọ̀ ṣòfò. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe láàárọ̀, tí kò sí oníbàárà tó béèrè fún un, tí kò sí ẹni tó sanwó rẹ̀, òun náà ló di àmì ìlú kan. Àwọn ilé ló gba àṣẹ ìjọba kí wọ́n tó dìde. Ọwọ́ kò ní àṣẹ, pépà ló ní. Pépà náà ló sì fi dúró títí àwọn tó lè fi irin ṣe é fi dé.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìbéèrè kan wà tí irin kò lè dáhùn. Punjab àti Haryana ṣì ń du ìlú náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn abúlé tí ìlú gbé mì ṣì wà níbẹ̀. Ọwọ́ ńlá náà là sílẹ̀ lókè, atẹ́gùn sì ń yí i sí ọ̀tún, ó ń yí i sí òsì, kò kọ ẹ̀yìn sí apá kan títí láé. Yorùbá ní ọwọ́ ọ̀tún ló ń wẹ òsì, òsì ló ń wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ méjèèjì fi ń mọ́. Ìdajì iṣẹ́ náà ni Le Corbusier ṣe, ìdajì ni àwọn alágbẹ̀dẹ Nangal ṣe. Ọwọ́ kejì tó yẹ kó wẹ èyí tó wà ní Chandigarh, ọwọ́ àwọn èèyàn tó ń gbé abẹ́ rẹ̀ ni.